Àwọn Àkísà Pupa Bàbá Elétí

Ọkọ mi lè gbọ́ nọ́ọ̀tì tó tú nínú ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn òkun, ṣùgbọ́n kò lè gbọ́ "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da pàǹtí nù" láti ilé ìdáná. Bí mo bá pè é pé kó wá bá mi gbé nǹkan, etí ikún ló máa kọ sí mi. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ní ìlú tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀ bá fi ohùn ẹ́ńjìnnì bàálù rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, ojú ẹsẹ̀ ni yóò dìde jókòó. Á pa ojú dé, á tẹ fóònù mọ́ etí, á wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tó máa ń bi gbogbo ayé: "Kí lo fọwọ́ kàn kẹ́yìn?" Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló fi ń mọ ibi tí àìsàn wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará gúrúùpù rẹ̀ orí fóònù fi ń pè é ní Bàbá Elétí.

Gúrúùpù náà jẹ́ ti àwọn tí ìfẹ́ bàálù àtijọ́ ti kó sí lórí. Mò ń sọ nípa àwọn bàálù kékeré tí abẹ̀bẹ̀ ńlá wà nímú wọn, tí ènìyàn méjì péré ń wọ̀, èrò níwájú, ẹni tó ń wà á lẹ́yìn. Àwọn kan nínú wọn ní bàálù. Àwọn tó kù kò ní ju fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Kò sì sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀. Ìnagijẹ ni gbogbo wọn ń jẹ́, àgbààgbà tó ti hewú lórí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ mi kú, lórí àga, lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní òun fẹ́ rẹjú díẹ̀. Nígbà tí mo lọ jí i, mo rí i pé ó ti lọ. Ó ti dàgbà, kò jìyà, kò sì fìyà jẹ mí. Mo sunkún, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n a ti jọ gbé ayé tó dùn, ẹkún ẹni tó jẹ ayé rẹ̀ dáadáa kì í korò.

Ọmọ wa obìnrin, tó ń gbé lókèèrè, ló kọ ọ́ sórí gúrúùpù pé Bàbá Elétí ti lọ. Òun náà ló sì fi gúrúùpù ọ̀hún sórí fóònù mi kí n lè máa ka ohun tí wọ́n ń kọ. Áà! Ọ̀rọ̀ ìdárò ń wọlé bí òjò. Ẹnì kan kọ pé òun kò rí ẹni tó ní sùúrù bíi ti Bàbá Elétí rí. Mo kà á tán, mo tún un kà. Sùúrù? Ọkùnrin tó máa ń bá rédíò jà nítorí pé ó ń hó! Ẹlòmíràn kọ pé ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ parí kó tó dáhùn. Mo wo fọ́tò rẹ̀ lára ògiri, mo bi í pé, "Bàbá, ta ni wọ́n ń sọ?"

Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní bàálù tirẹ̀, ó sì ń wà á fúnra rẹ̀. Ó kọ pé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òun ti múra láti fò nígbà tí òun gbọ́ ohùn kan tí kò yé òun nínú ẹ́ńjìnnì. Òun fi ránṣẹ́ sí Bàbá, Bàbá sì béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ibẹ̀ ni òun ti rántí páìpù epo tí òun ṣí lánàá tí òun kò tíì dì padà. "Ìbéèrè yẹn ni mo fi wà láàyè," ni ó kọ. Níbẹ̀ ni mo dẹ́kun àpárá, mo sì fi etí aṣọ mi nu ojú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa bàálù tiwa. Ẹ̀yìn ilé ló wà, nínú ilé páànù gbọọrọ kan tó kọjú sí pápá. Nígbà tí ọkọ mi gbé e dé, egungun lásán ni. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, aṣọ ni wọ́n fi ń bo apá irú bàálù yẹn. Wọ́n á rán an mọ́ igi inú rẹ̀, wọ́n á wá kùn ún títí á fi le gbagidi. Télọ̀ sì ni mí. Ta ni yóò rán an bí kò ṣe èmi? Mo rán apá méjèèjì, mo rán ìrù. Nígbà tó wá ní òun yóò gbé mi fò nínú rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹni tí kò mọ ẹni tó rán an ni kẹ́ ẹ lọ gbé. Èmi mọ̀ pé òwú ló wà níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò yéé bẹ̀ mí, èmi náà kò sì yéé kọ̀. Mo kúrú. Mo ní bí mo bá jókòó síwájú yẹn, n kò ní rí ju inú bàálù lọ, àti pé kò sí ohun tí mo lè dì mú bí àyà mi bá já. "Ilẹ̀ ni màá dúró sí," mo sọ fún un, "màá máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìyẹn ti tó mi."

Ohùn yẹn ni n kò tíì gbọ́ tó fi lọ. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì náà ku díẹ̀ kó parí. Ohun kan ṣoṣo tí mo sì fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ nìyí: kí ẹ́ńjìnnì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì dún, kí n fi etí mi gbọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má sì tú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti dì. Obìnrin kan nínú gúrúùpù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa yẹ bàálù wò kó tó gòkè, ṣèlérí pé òun yóò wá parí ìwọ̀nba tó kù. Máfọwọ́kàn ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ bàálù nìyẹn.

Kó tó dé ni àbúrò mi obìnrin dé. Àbúrò mi ni olórí àwọn tó ń tọ́jú yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, eruku kì í sì í pẹ́ níbi tó bá wà. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún, ó nu ojú, ó sì béèrè ìgbálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ jókòó. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa dá àwọn ènìyàn lóhùn lórí fóònù."

Mo jókòó lóòótọ́. Ó fọ ilé, ó fọ fèrèsé, ó fọ ìkòkò tí n kò tíì lò. Nígbà tí kò rí ohun tí yóò fọ̀ mọ́, ó kọjá sí ilé bàálù. Nígbà tó pè mí wá wò ó, ẹnu yà mí. Ilẹ̀ ń dán. Ó ti to àwọn sípánà láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Bàálù fúnra rẹ̀ ń kọ mànà. Lórí tábìlì, àwọn àkísà pupa kan wà tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n sì ká bí ìnura hòtẹ́ẹ̀lì.

"Bàbá so wọ́n káàkiri ẹ́ńjìnnì," àbúrò mi sọ. "Bóyá ó ń sá wọn ni."

Inú mi dùn. Mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí gúrúùpù, mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo bí ibi iṣẹ́ Bàbá yín ṣe mọ́." Mo ń retí kí wọ́n yìn wá.

Kò sí ẹni tó yìn wá. Ẹnì kan fi àwòrán ojú tó ń sunkún ránṣẹ́, ó sì tètè pa á rẹ́. Máfọwọ́kàn wá kọ pé: "Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn àkísà pupa tó wà lára ẹ́ńjìnnì dà?"

"Wọ́n wà lórí tábìlì," mo dáhùn. "A ti fọ̀ wọ́n."

Ó pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Bàbá kì í fi ibi tí kò tíì parí sílẹ̀ láìso àkísà pupa mọ́ ọn. Nọ́ọ̀tì tó bá ti le dáadáa, kò ní àkísà. Èyí tó bá kù, ó ní. Ojú lásán ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra."

"Kí la máa wá ṣe báyìí?"

"A máa tú gbogbo ẹ́ńjìnnì náà ni, ká tún un dì láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo ro ti ọwọ́ ọkọ mi lára ẹ́ńjìnnì yẹn, ìrọ̀lẹ́ lórí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èmi ń pariwo pé oúnjẹ ti tutù. Nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan tó dì níbẹ̀ ni ohun tó kù tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kẹ́yìn láyé. Wọ́n fẹ́ tú u nítorí pé ilé mọ́!

Àbúrò mi ti jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bayé jẹ́."

"Dìde níbẹ̀," mo ní. "Ìmọ́tótó ló lè borí àrùn gbogbo, àmọ́ tìrẹ ti fẹ́ borí ẹ́ńjìnnì. Níbo lo ti tú wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá ti ń nu nǹkan, n kì í ronú."

Mo mú ọ̀kan nínú àkísà náà, mo ń yí i lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí etí aṣọ náà. Mo mọ bí mo ṣe ń ká etí aṣọ. Kò sí télọ̀ mìíràn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kọ́tìnnì pupa ilé ìdáná mi ni! Kọ́tìnnì tí mo wá títí, tí mo tìtorí rẹ̀ bá alágbàfọ̀ wa jà, tí a kò sì kí ara wa fún ìgbà pípẹ́. Mo sáré wọlé, mo dúró níwájú fọ́tò ọkọ mi. "Olè!" mo ní. "Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń bú ọmọ ọlọ́mọ!" Ẹ̀rín gbé mi. Àbúrò mi rò pé ìbànújẹ́ ti dé orí mi ni.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ ríran lórí gúrúùpù. Ó rán gbogbo wọn létí pé Bàbá Elétí máa ń ya fọ́tò ibi tó bá ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, àkísà pupa á hàn níbẹ̀, á sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ibí ni mo dúró sí." Bó bá padà parí ibẹ̀, á tún ya á láìsí àkísà, á kọ pé, "Mo ti kúrò níbẹ̀." Bí ẹnikẹ́ni bá lè wá àwọn fọ́tò náà jáde, ẹ́ńjìnnì yóò fúnra rẹ̀ sọ ibi tí ọwọ́ Bàbá dé.

Ìdárò dáwọ́ dúró, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti ń kọ "sùn un re o" láti ọjọ́ yìí wá ń tú fóònù wọn bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sọnù. Fọ́tò ń wọlé láti ọ̀sán títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ibòmíràn. Wọ́n ń jiyàn: ẹnì kan ní nọ́ọ̀tì ọwọ́ òsì ni, èkejì ní ṣé ó mọ ọwọ́ òsì ara rẹ̀ ni. Mo ń kà á, inú mi ń dùn. Gúrúùpù tí ọkọ mi ń gbé nìyí, ọkọ mi gan-an ni mo ń rí yìí, kì í ṣe aláìsí onísùúrù tí wọ́n ń yìn tẹ́lẹ̀.

Máfọwọ́kàn dé. Obìnrin gíga ni, gbólóhùn rẹ̀ kì í gùn. Ó kí mi, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó wẹ ọwọ́, ó sì wọ ilé bàálù lọ. Ó ní fọ́tò kan kò tó, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà fún ibì kọ̀ọ̀kan. Bí ibì kan bá ti dá a lójú, á tọ́ka sí i, àbúrò mi á sì so àkísà kan padà síbẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, bí ẹni tó ń wọ aṣọ fún ọmọ tuntun. Díẹ̀díẹ̀, pupa ń padà sára ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wa ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo wo tábìlì.

Àkísà kan ṣẹ́kù.

Máfọwọ́kàn tún gbogbo fọ́tò wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí ibi tí èyí ti wá. Ó nu ọwọ́, ó bá mi jókòó.

"Ìyá, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí a ò bá mọ ibi tí ọ̀kan yìí wà, mi ò lè tan ẹ́ńjìnnì yẹn. Lọ́la, mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í tú u."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. Ó di ọwọ́ mi mú. Bó bá jẹ́ ọkọ mi ni wọ́n bi, ohun kan náà ni yóò sọ, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí.

N kò lè bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo lè bá aṣọ sọ̀rọ̀. Mo fa téèpù jáde lọ́rùn, mo wọn àkísà náà. Ó gùn ju àwọn tó kù lọ ní ìlọ́po méjì. Ọkọ mi kì í sì í fi aṣọ ṣòfò. Bó tilẹ̀ jẹ́ aṣọ tó jí, ìwọ̀n tó tó nǹkan náà ló máa ń gé.

"Ohun tó nípọn ló so èyí mọ́," mo ní. "Nọ́ọ̀tì kọ́."

"Kò sí ohun tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tó ń di nǹkan mú nínú ẹ́ńjìnnì yìí," Máfọwọ́kàn dáhùn.

Mo ya àkísà náà pẹ̀lú téèpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé e sórí gúrúùpù, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wá a tì. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni Nọ́ọ̀sì pe fóònù mi.

"Ìyá, Bàbá ní kí n má sọ fún yín. Ẹ ó bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Kò sí ní ipò ẹni tó ń bínú mọ́, ọmọ mi. Sọ ọ́."

"Ó bi mí ohun tí mo máa ń ṣe fún ẹni tí ẹ̀rù bàálù ń bà. Mo ní kó gbé ìjókòó rẹ̀ ga kó lè ríta. Mo ní kó sì wá nǹkan tó lè dì mú, nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ò ní gbé fọ́tò rẹ̀ sórí gúrúùpù o, torí ìyàwó òun máa ń yọjú wo fóònù òun láti ẹ̀yìn."

Òótọ́ ni. Mo máa ń yọjú.

N kò dúró gbọ́ ìyókù. Mo padà sí ilé bàálù, mo gun àpótí, mo sì wo inú ìjókòó iwájú. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni gbogbo wa ti ń wò, kò sí ẹni tó ronú kan ìjókòó. Wọ́n ti gbé e ga, tìmùtìmù tuntun sì wà lórí rẹ̀. Lábẹ́ etí ìjókòó náà, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún mi yóò bọ́ sí, ọwọ́ igi kan wà tó ń dán. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi àkọ́kọ́ ni, èyí tí mo fi ọwọ́ yí láti ìgbà omidan, kí n tó ra èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mi ló dán an bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ti sọ fún mi pé òun da gbogbo rẹ̀ nù.

"Háà!" àbúrò mi kígbe lẹ́yìn mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ ni! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni! Mo tiẹ̀ ń sọ lọ́kàn pé ta ló so aṣọ mọ́ igi bí ẹni pé igi fẹ́ sá lọ!"

Máfọwọ́kàn na ọwọ́, ó mì í. Ó mì díẹ̀. "Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ò tíì le," ó ní, mo sì rí i tó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ́ńjìnnì ti bọ́, Ìyá. A ò ní tú nǹkan kan."

Mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún dáadáa, ẹkún ayọ̀ àti ti àárò rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, n kò sì gbìyànjú láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Máfọwọ́kàn di gbogbo ibi tí àkísà wà, kò sì fọwọ́ kan ibi tí kò sí. Nígbà tó kan ọwọ́ igi, ó na sípánà sí mi. "Èyí, ẹ̀yin lẹ ni ín." Mo dì í títí ó fi sọ pé ó tó. Mo ya fọ́tò rẹ̀ láìsí àkísà, mo gbé e sórí gúrúùpù, mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mo ti kúrò níbẹ̀." N kò lè ka ohun tí wọ́n kọ padà, ojú mi kò jẹ́.

A ti bàálù jáde sí pápá. Àbúrò mi gbé fóònù sókè kí gbogbo gúrúùpù lè gbọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó síwájú díẹ̀, kí n wò ó bóyá mo lè ríta lóòótọ́. Mo rí pápá, mo rí òrùlé ilé wa, mo rí fèrèsé ilé ìdáná tí kò ní kọ́tìnnì. Máfọwọ́kàn wọ ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ìyá," ó ní, "kí lẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn?"

"Ọwọ́ ìjókòó mi."

"Ó le?"

"Ó le."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gbé ohùn. Ó ń dún geere, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo sí. Mo gbọ́ ọ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé eyín. Àbúrò mi ń ka ohun tó ń wọlé sórí fóònù, ó ń kígbe mọ́ ariwo: "Nọ́ọ̀sì ní kò sí nǹkan tó tú! Gbogbo wọn ní kò sí nǹkan tó tú!"

"Ìyá!" Máfọwọ́kàn pè láti ẹ̀yìn. "Ẹ ti gbọ́ ọ o! Mo fẹ́ gbé e yí pápá ká wò. Ẹ sọ̀kalẹ̀ báyìí!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ̀kalẹ̀!" àbúrò mi náà ń ké.

Mo gbọ́ wọn ketekete. Mo di ọwọ́ igi náà mú, mo kọjú síwájú, mo sì kọ etí ikún sí àwọn méjèèjì.